Ọ̀bẹ Ẹja Ìyàwó Mi àti Olóòlà Ẹ̀gàn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi pa irọ́ lórí ọ̀bẹ kan. Tí ìyàwó mi bá ti bi mí pé, "Ẹ ti pọ́n ọ̀bẹ yẹn?" màá ní ará Òkè Ọya tó máa ń gbé òkúta ìpọ́nbẹ kiri kò tíì gba àdúgbò wa kọjá. Ó kọjá o. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá, tó ń fi irin lu irin, kin-kin-kin, tí mo sì sáré wọlé lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Ọ̀bẹ ló fà á. Mo ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta, fáànù ni mo ń tún ṣe níwájú ilé wa ní Ìgàndò, iná mànàmáná sì ti gbá mi débi pé òun gan-an mọ̀ mí bí ẹni mowó. Ẹ̀rù rẹ̀ ò bà mí. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan yọ ọ̀bẹ tó mú dáadáa níwájú mi, ẹ ò ní bá mi níbẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ pa adìẹ ọdún nílé wa, èmi ni mo máa ń lọ ra omi. Láti ìgbà tí a ti ń pa adìẹ, omi ò tíì tó nílé wa rí.

Ọ̀bẹ ẹja ni ọ̀bẹ ọ̀hún. Ìyàwó mi ń ta ẹja inú fìrísà ní ìsọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Nígbà tó ra ọ̀bẹ náà, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Lílò àti pípọ́n ti jẹ ẹ́ títí ó fi kù tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé eèsún, ó sì máa ń tẹ̀ bí ewé náà. Kì í ṣe ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹja sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn orí ẹja ló ti máa ń wọlé, á wá tẹ̀lé egungun ẹ̀yìn jẹ́jẹ́ títí dé ìrù, tí ẹran ẹja á ṣí sílẹ̀ bí ẹni ṣí ìwé, tí egungun á sì dá dúró lọ́tọ̀ bí òòyà.

Obìnrin kan tó ń dáná fún ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá ló máa ń ra ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń wá. Òun ni òpó tó gbé ìsọ̀ ìyàwó mi ró, torí tí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹja yòókù tó wà nínú fìrísà, àdúrà la fi ń tà á.

Ọ̀bẹ tó bá ti kú kì í tẹ̀lé egungun mọ́. Ńṣe ló máa ń fa ẹran ẹja ya, á sì máa ṣẹ́ egungun kéékèèké sínú rẹ̀. Ní Jímọ̀ tó parí ọ̀sẹ̀ kẹta irọ́ mi, wọ́n bá egungun lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́ta kan. Ọpẹ́lọpẹ́ olùkọ́ tó tètè rí i. Nígbà tí obìnrin náà dé ìsọ̀, kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn.

"Màmá ẹlẹ́ja," ó ní, "mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń bọ́. Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí mo bá tẹ ẹja yín wò tí ọwọ́ mi kan egungun kan ṣoṣo, ẹ̀yìn mi lẹ ó máa wò o."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mo dojú fáànù oníbàárà kan délẹ̀, mo ń wo inú rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni egungun ọ̀hún ti jáde.

Obìnrin náà lọ tán, ìyàwó mi dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ."

"Mò ń gbọ́."

"Ará Òkè Ọya yẹn ò tíì kọjá?"

"Kò tíì..."

"Ó kọjá lánàá. Èmi ni mo fún un lómi mu. Ó wá dágbére ni, ó ti lọ sílé, ó di ẹ̀yìn ọdún. Ó ní òun béèrè yín, wọ́n ní ẹ ń sùn."

Mo gbé fáànù náà nàró.

"Bàbá olóòlà kan wà ní Ẹ̀gàn," ó ní. "Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá tó ń ta ẹja ní oríta ti ń pọ́n tiẹ̀. Wọ́n mọ irin pọ́n ju gbogbo ayé lọ. Ẹ gbé e lọ bá wọn kí Jímọ̀ tó dé. Mo bẹ̀ yín ni o."

Olóòlà ṣá. Nínú gbogbo ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lábẹ́ ọ̀run, ẹni tó ń dábẹ́ fọ́mọ ni ìyàwó mi rán mi sí. Ó sì mọ ìtàn mi. Nílùú wa, lọ́wọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń dábẹ́ fọ́mọ kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Tèmi, bàbá mi wà nídàálẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n dúró dè é, òun náà sì dúró sọ́hùn-ún títí mo fi wọ ilé ìwé. Ọjọ́ tó dé, wọ́n ní ká lọ jẹ àkàrà. Mo jẹ àkàrà náà. Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá fi ìfẹ́ fún mi lákàrà, ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ Mọ́ńdè pé, mo fi pépà wé ọ̀bẹ náà, mo fi ọ̀rá wé pépà, mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọ̀rá, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, mo sì nawọ́ báàgì náà jìnnà sí ara mi wọ kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe Ẹ̀gàn ni mo kọrí sí. Ìkòtún ni.

"Bàbá," ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní, "ṣé ejò ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Wẹ́dà kan wà lẹ́yìn ọjà Ìkòtún tó máa ń fi ẹ̀rọ pọ́n àdá fún àwọn aroko. Mo na báàgì sí i látòkèèrè. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi pọ́n ọn kó mú gan-an. Kó máa tan iná!" Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ nǹkan nìyẹn, ṣùgbọ́n ó dùn létí. Ó fún mi ní ohun tí mo béèrè. Ó tan ẹ̀rọ, ó gbé ọ̀bẹ lé e, iná sì ń ta pàrà-pàrà bí ẹni ń yan àgbàdo. Kí ẹ̀ta iná àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀, mo ti wà lẹ́yìn ìsọ̀ kejì, mo ń bá ẹni tó ń ta síbí nájà síbí tí mi ò fẹ́ rà.

Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó fi parí. Ẹnu ọ̀bẹ náà ń dán yànrànyanran, àfi ọ̀kánkán orí rẹ̀ tó ní àwọ̀ bíi ti aró. Mo rò pé ẹwà ni.

Mo délé, mo yan bí ọkùnrin. Ìyàwó mi mú ẹja kúrókà kan, ó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn orí. Ọ̀bẹ gé awọ, ó gé ẹran, ó gé egungun ẹ̀yìn pẹ̀lú, ó jáde lódì kejì. Ẹja já sí méjì. Ó ń mú, ṣùgbọ́n mímú àdá ni ó ń mú. Ìyàwó mi mú ẹja kejì, ọ̀bẹ ò já a mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa kan ẹ̀kẹta, ó ti kú padà, ó sì ń fà á ya ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó gbé ọ̀bẹ náà sókè, ó wo ibi tó pa aró.

"Ẹ̀gàn lẹ lọ?"

"Ìkòtún ni," mo ní. "Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni wọ́n..."

"Ṣé kí n bá yín dé ọ̀dọ̀ olóòlà ni? Kí n dì yín lọ́wọ́ mú?" Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. "Kí n ra àkàrà dání?"

Ọ̀rọ̀ àkàrà yẹn ló lé mi jáde nílé ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ méjì péré ló kù.

Ilé bàbá náà ò ṣòroó rí. Mo ti lérò pé màá bá ibi dúdú kan tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sára ògiri, ṣùgbọ́n àgbàlá tó mọ́ tónítóní ni, tí igi máńgòrò kan wà láàárín rẹ̀, tí bẹ́ǹṣì sì wà lábẹ́ igi. Ìyá àgbà kan jókòó síbẹ̀, ó gbé ọmọ ọlọ́jọ́ mélòó kan lẹ́sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bí ọmọ náà jókòó tì í nínú aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà, láìwọ bàtà. Abọ́ ìgbín wà nílẹ̀ níwájú wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sè. Èmi mọ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ń kán omi ìgbín sí. Mo jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, mo gbé táwẹ́ẹ̀lì mi lé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ìyá àgbà ní. "Ọmọ tiyín dà?"

"Mi ò gbọ́mọ wá, mà. Ọ̀bẹ ni mo gbé wá."

"Ọ̀bẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyàwó mi ló ní kí n wá."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún gba ẹsẹ̀ wò mí padà dé orí. "Ìyàwó yín ló ní kẹ́ ẹ wá. Ẹ̀yin alára. Ẹ sì tún gbé ọ̀bẹ tiyín dání."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Háà. Ó mà pẹ́ o." Ó mi orí. "Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pẹ́ jù lọ́wọ́ Ọlọ́run, jàre. Ẹ ṣáà ṣe ọkàn akin."

Ọmọ rẹ̀ ti fi aṣọ funfun bojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹja, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i.

Bàbá olóòlà jáde. Òmìrán ni mò ń retí. Bàbá kúkurú kan ni, ó fi òwú so dígí ojú rẹ̀ mọ́ etí, ó jọ ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì.

"Bàbá ọmọ dà?" ó bi ìyá ọmọ.

"Ó ní òun ń wá ibi tí òun máa gbé ọ̀kadà sí, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

Mi ò rí ọkùnrin náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọmọ ìyá mi.

Bàbá yí sí mi. "Ìwọ tí o gbé táwẹ́ẹ̀lì dání, wá bá wa di ẹsẹ̀ ọmọ mú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀bẹ ni mo..."

"Mo ti gbọ́. Ọ̀bẹ ò ní sá lọ. Ìwọ ló jọ ẹni tó fẹ́ sá. Wá."

Ìyá àgbà gbé ọmọ lé itan. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ tí kò tó àtàǹpàkò mi, mo sì dijú pinpin. Mo ka Sáàmù tí mo mọ̀, ó tán kíákíá. Mo bọ́ sórí Bísímílà tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé wa nígbà èwe, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ ké. Èmi náà ké, tèmi gùn ju tiẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹnìkan ń lù mí lẹ́jìká.

"Ọ̀gbẹ́ni, tú ẹsẹ̀ ọmọ sílẹ̀. Ó ti parí tipẹ́. Ọmú ló fẹ́ lọ mu."

Ìyá àgbà ní, "Ó kàn yín báyìí o."

Ìgbà tí wọ́n lọ tán, bàbá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá jókòó lábẹ́ máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù mi. Ó tú táwẹ́ẹ̀lì, ó tú ọ̀rá, ó tú pépà. "Ṣé Mẹ́kà lò ń gbé e lọ ni?" ó ní. Ó wá dé orí ọ̀bẹ. Ó fi èékánná kan ibi tó pa aró.

"Ta ló jó ọ̀bẹ yìí?"

"Wẹ́dà kan ni, Bàbá."

"Kí lo ní kó ṣe?"

"Mo ní kó máa tan iná."

Ó mi orí bí ẹni tó wá kí ni kú ọ̀fọ̀. "Irin tí iná bá mú lẹ́nu báyìí ò lè di ẹnu mú mọ́. Tí o bá pọ́n ọn lówùúrọ̀, á kú kó tó di ọ̀sán. A máa pọ́n gbogbo ibi tó jóná kúrò. Á tún kéré sí i."

"Ṣé á ṣì yọ egungun ẹja, Bàbá? Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ lò ó."

"Tí kò bá ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Ó gbé òkúta tó rí ṣákaṣàka jáde, ó kán omi sí i. Ó tẹ́ ọ̀bẹ náà sílẹ̀ débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta, ó wá ń tì í síwájú jẹ́jẹ́ bí ẹni fẹ́ bó èèpo tín-ín-rín lára òkúta náà. Ó tì í, ó gbé e, ó tì í. Tí omi bá gbẹ, á tún kán an. Wẹ́dà lo ìṣẹ́jú, bàbá yìí jẹ́ kí oòrùn kúrò lápá kan igi bọ́ sí apá kejì. Aró náà ń tán díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tán, ó mú òkúta kejì tó jọ̀lọ̀, ó ṣe apá kan ọ̀bẹ, ó dá a dúró, ó na èèkù rẹ̀ sí mi.

"Ọwọ́ ń dùn mí. Ṣe apá kejì."

"Bàbá, mi ò lè ṣe é."

"Kí ló dé?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń wá irọ́, gbogbo rẹ̀ sì tán lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà mí," mo ní.

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹni tí ẹ̀rù ò bà ló máa ń tẹ ọ̀bẹ jù. Èmi náà, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí láràárọ̀ tí Ọlọ́run jí mi. Kí lo rò pé ó ń jẹ́ kọ́mọ ọlọ́mọ yè lọ́wọ́ mi?"

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yẹn sọ mí di akin. Kò sọ mí di nǹkan kan. Mo na ọwọ́ méjèèjì jìnnà, mo yíjú sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀bẹ.

"Òkúta wà níwájú o," bàbá ní. "Ìgbín nìkan ló wà níbi tó ò ń wò yẹn."

Mo yíjú padà. Mo tì í, mo gbé e, mo tì í. Bí mo bá gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè jù, á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Òógùn bò mí bí ẹni tó ń kọ ebè, bẹ́ẹ̀ ìjókòó ni mo jókòó. Lẹ́yìn náà, ó gbà á, ó fi ẹnu ọ̀bẹ náà nu ara awọ kan síwá sẹ́yìn, ó ní, "Mú èékánná wá."

Mo mú ìka tó kéré jù wá. Mo rò ó pé tí nǹkan kan bá máa lọ, kó jẹ́ èyí tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ lò. Ó gbé ẹnu ọ̀bẹ lé èékánná náà fẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́. "Tó bá kú, á yọ̀. Wò ó." Mo wò ó, ojú kan là, ọ̀kan dì. Kò yọ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí eṣinṣin.

Ní Jímọ̀, ìyàwó mi mú kúrókà, ó wo ọ̀bẹ tó ti tún rù sí i, ó wò mí. Ó ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn orí ẹja. Kò sí ariwo. Ọ̀bẹ tẹ̀, ó tẹ̀lé egungun lọ bí omi tó ń wá ọ̀nà ara rẹ̀, ẹran ẹja sì ṣí sílẹ̀ lódidi. Ó yí ẹja padà, ó ṣe apá kejì. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni èjìká yẹn ti wà lókè tí mi ò rí i?

Obìnrin ilé ìwé dé. Ó fọ ọwọ́, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìka méjì tẹ ẹja náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí dé ìdí, bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ nínú tìmùtìmù. Ó dé orí ẹ̀karùn-ún, ìka rẹ̀ dúró. Ó tún ibẹ̀ tẹ̀. Ìyàwó mi di etí tábìlì mú. Obìnrin náà ya nǹkan kan kúrò, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ìpẹ́ ni," ó ní, ó sì jù ú nù.

Ó tẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó kó o sínú kúlà rẹ̀. "Màmá ẹlẹ́ja, ẹ ṣeun. Ilé ìwé wa kejì wà ní Ìpájà, ẹ máa ṣe tiwọn náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tiwọn."

Kúlà ò tíì dé ìdí kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "A jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lẹ ó máa lọ sí Ẹ̀gàn nìyẹn." Ọwọ́ mi dúró lókè.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ títí di ìsinsìnyí, ní Mọ́ńdè àti Ọjọ́bọ̀. Bàbá ní ọwọ́ mi ò tíì dúró tó láti dá a pọ́n nílé. Bí mo bá sì ti wà níbẹ̀, ó jọ pé gbogbo bàbá ọmọ nílùú yìí ló ń wá ibi tí wọ́n máa gbé ọ̀kadà sí. Èmi ni mo ń di ẹsẹ̀ mú. Ojú mi ò tíì là níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mi ò ké mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù Ìgàndò. Obìnrin aboyún kan wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí oyún ṣe gbà á láyè.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Bàbá olóòlà. Tí mo bá bí tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é. Wọ́n ní ọwọ́ yín fúyẹ́."

Mo wẹ̀yìn bóyá bàbá ló dúró síbẹ̀. Kò sẹ́nìkan, àfi èmi. Mo ní kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, mo sì yára wọ kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó dúró, kẹ̀kẹ́ tí kò lọ sọ́nà ilé wa rárá.